Kí ló dé tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi ń kọlu àwọn èèyàn wa ní ìdájí?

Àdùnní Wandó · Àjàṣẹ́ · alẹ́ ọjọ́ Ajé

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ́ àti gbogbo ibi tí ẹ ti ń kà á. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Àbúrò bàbá mi ní Kétu dìde ní ìdájí, ó fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé e. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, kò sì lè pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Ó wà láyé, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò tíì bọ̀ sípò.

Nígbà tí a jókòó tì í, tí kálukú ń ka àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, wákàtí tó ń ṣẹlẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Ìyá ọkọ mi, ìdájí ni. Ọkùnrin tó ń ta pákó nítòsí ìsọ̀ mi ní ọjà Wandó, bó ṣe ń múra àtijáde láàárọ̀ ni. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan, ìgbà tó ń dá iná tó fẹ́ fi dín àkàrà ni. Àwọn kan nínú ẹbí ní ìgbà yẹn ni ayé máa ń ta ọfà. Àwọn mìíràn ní omi tútù tí a fi ń wẹ̀ ni.

Èmi kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé lóòótọ́ ni ìdájí àti òwúrọ̀ pọ̀ ju àwọn wákàtí yòókù lọ, àbí ojú wa ló ń tàn wá? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lásìkò yẹn? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àti ní labo, ẹ ṣàánú mi, ẹ dáhùn.

Ọmọ Ìdẹ̀nà · Kétu · alẹ́ ọjọ́ Ajé

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run á gbé e dìde, kò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Èmi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bàbá wa kì í jẹ́ kí a sáré jí àgbàlagbà. Ó ní kí ara kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ti ọfà yẹn, ẹnu mi kọ́ ni ẹ ó ti gbọ́ pé kò sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ta lọ́fà pàápàá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kí a tó máa wádìí ẹni tó ta á. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ sọ tiwọn, èmi náà fẹ́ gbọ́.

Labo Àjàṣẹ́ · Àjàṣẹ́ · òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ kú ìrọ́jú, Àdùnní. Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ ṣé tí ẹ là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojú yín kò tàn yín. Ní 1998, wọ́n kó ìwádìí 31 jọ lórí wákàtí tí àrùn rọpárọsẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn aláìsàn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 11,816. Láàárín aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago méjìlá ọ̀sán, iye tó ń ṣẹlẹ̀ fi ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tí ì bá jẹ́ lọ, ká ní gbogbo wákàtí dọ́gba. Ti ọkàn náà kò yàtọ̀. Ní 1985, Muller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìkọlù ọkàn tó ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta èyí tó ń ṣẹlẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹ̀jẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ lé.

Nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ya, àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní platelet á kóra jọ síbẹ̀, àwọn okùn tín-ín-rín tó ń jẹ́ fibrin á sì hun ara wọn mọ́ wọn lórí bí àwọ̀n àwọn apẹja wa lórí odò Wèmè. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè yè láìsí i. Ṣùgbọ́n ohun tó bá dì gbọ́dọ̀ tú nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí, torí bó bá wà níbẹ̀, tàbí bó bá dì níbi tí kò yẹ, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá, apá ọpọlọ tàbí ọkàn tó wà níwájú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ohun tó ń gé fibrin ni plasmin. Ẹ̀dọ̀ máa ń ṣe é sílẹ̀ ní àìmúra, orúkọ rẹ̀ nígbà náà ni plasminogen, á máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri láìṣe nǹkan kan. Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń tu èròjà kan tó ń jẹ́ tPA jáde, tPA ló sì ń sọ plasminogen di plasmin, lórí okùn fibrin náà gan-an. Kí gígé náà má bàa kọjá ààlà, ara ní èròjà kejì tó ń jẹ́ PAI-1. Ó máa ń gbá tPA mú, ọ̀kan sí ọ̀kan, tPA tó bá sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. tPA kò sì ní ẹ̀mí gígùn: láàárín ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, iye PAI-1 tó wà nílẹ̀ ló ń pinnu bóyá ohun tó dì á tètè tú tàbí kò ní tú.

Àwọn méjèèjì yìí kì í wà lójú kan láti òwúrọ̀ dé alẹ́. PAI-1 máa ń gòkè lóru, á dé òkè pátápátá ní ìdájí sí òwúrọ̀, á wá máa lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Iṣẹ́ tPA sì ń lọ ní òdìkejì rẹ̀: òwúrọ̀ ló kéré jù, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ló lágbára jù. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Láti 1957 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Fearnley pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe kò le: wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n bù omi là á, wọ́n jẹ́ kó dì, wọ́n sì ń ka iye àkókò tó fi tú. Ẹ̀jẹ̀ òwúrọ̀ ń pẹ́ kó tó tú. Tìrọ̀lẹ́ ń yá.

Nítorí náà, nǹkan kékeré tó dì nínú iṣan ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ara lè tú u kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Irú kan náà ní aago mẹ́fà àárọ̀ lè rí àyè láti dàgbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Calavi · ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ̀gbọ́n Labo, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ́ nípa ẹ̀dá alààyè ní yunifásítì Calavi, ìbéèrè méjì ni mo ní, ẹ má bínú.

Àkọ́kọ́, ẹni tí àrùn náà kọlù lójú oorun ní aago méjì òru, ìgbà tó bá jí ní aago mẹ́fà la máa mọ̀. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń kọ wákàtí jíjí sílẹ̀, tí òwúrọ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ìkejì, láàárọ̀ la ń dìde, la ń jẹun, la ń sáré lọ síbi iṣẹ́, tí ìbínú àti ìdààmú ń bẹ̀rẹ̀. Báwo la ṣe mọ̀ pé inú ara ni PAI-1 ti ń gòkè fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe nítorí àwọn nǹkan tí a ń ṣe láàárọ̀?

Labo Àjàṣẹ́ · alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àbúrò, ìbéèrè olóye ni o béèrè, méjèèjì.

Nínú àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ń kọlù, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n jí ni wọ́n rí i, nítorí náà, ohun tí o sọ wà nínú iye yẹn lóòótọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ Muller ti 1985. Wọn kò gbára lé ohun tí aláìsàn sọ nìkan. Nígbà tí iṣan ọkàn bá ń kú, èròjà kan tó ń jẹ́ CK-MB máa ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì mọ iye wákàtí tó máa ń gbà. Wọ́n wá fi èyí ka àkókò padà sẹ́yìn lára àwọn aláìsàn 703. Òwúrọ̀ náà ni wọ́n bá. Àwọn tó ti ń lo beta-blocker tẹ́lẹ̀, ìyẹn oògùn tó ń jẹ́ kí ọkàn rọra lù, kò sì ní òkè òwúrọ̀ yẹn.

Ti ìbéèrè kejì, Scheer àti Shea ní Amẹ́ríkà dáhùn rẹ̀ ní 2014. Wọ́n mú àgbàlagbà méjìlá tí ara wọn le, wọ́n fi wọ́n sínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀, tí wọn kò lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣú tàbí ti mọ́ lóde. Wọ́n wá ń jẹ́ kí wọ́n sùn, kí wọ́n jí, kí wọ́n jẹun lórí ọjọ́ tí kì í ṣe wákàtí 24, títí tí oorun àti oúnjẹ fi bọ́ sí gbogbo apá aago inú ara. Bí a bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, PAI-1 ṣì ń gòkè, ṣì ń sọ̀ kalẹ̀, ibi tó sì ti ga jù ni àkókò tó bá aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ mu nínú aago ara. Ẹni náà ì báà sùn, ì báà wà lójúfò.

Ohun tó ń fà á wà nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an. Àwọn èròjà tó ń ka aago nínú ara, CLOCK àti BMAL1 àti ẹbí wọn, máa ń jókòó sórí jíìnì PAI-1, wọ́n á sọ fún un ìgbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ lórí irú aago ara yìí, tí wọ́n ṣe lára eṣinṣin kékeré, ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017 fún Hall, Rosbash àti Young.

Ṣùgbọ́n má sọ pé dídìde kò ní ọwọ́ sí i. Ní 1987, Tofler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn platelet máa ń tètè lẹ̀ mọ́ra láàárọ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá dìde dúró. Ní ọjọ́ tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn kan náà ṣì dùbúlẹ̀, èyí kò ṣẹlẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà ń gòkè lásìkò yẹn, cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde láti múra sílẹ̀ fún ọjọ́, náà ń gòkè. Aago ara ti dín agbára títú kù, dídìde wá fi agbára dídì kún un, ní wákàtí kan náà. Bàbá Ọmọ Ìdẹ̀nà, ohun tí bàbá yín sọ nípa kí ara kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, mo gbà á tọkàntọkàn.

Ọmọ Ìdẹ̀nà · Kétu · alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun

O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á túbọ̀ fi òye kún òye rẹ.

Nọ́ọ̀sì Òkè Ṣábẹ́ · Ṣábẹ́ · òwúrọ̀ Ọjọ́rú

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi ń rí, torí ó ń dùn mí.

Àrùn yìí ń bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, àwa náà á sì dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ̀gbọ́n kò tíì jí. Ọkọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi òróró pa á lára. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, bóyá ó máa lọ. Nígbà tí wọ́n á fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, oòrùn ti mú. Wákàtí tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lè tú ẹ̀jẹ̀ dídì fúnra rẹ̀ gan-an la fi ń ṣòfò.

Oògùn kan wà tí wọ́n ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dídì dí iṣan ọpọlọ rẹ̀. Alteplase ni orúkọ rẹ̀, tPA tí Labo ṣàlàyé yẹn náà ni, àwọn èèyàn ló kàn ṣe é. Láti 1996 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún àrùn rọpárọsẹ̀. Láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí ìgbà tí àrùn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn, bó bá sì ṣe tètè tó ló ṣe ń dára tó. Kò sí ní gbogbo ilé ìwòsàn, ó wọ́n, wọn kò sì lè fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi scanner wo orí rẹ̀. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Síbẹ̀, ẹni tó pẹ́ nílé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà kí ó tó mọ̀ bóyá ó ṣí sílẹ̀ fún un.

Bí ẹ bá jí, tí ẹ rí i pé ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan ń já bọ́ bí ẹ bá ní kó gbé méjèèjì sókè, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí omi, nítorí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí ẹ sì rántí wákàtí tí ẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ le. Kì í ṣe wákàtí tó jí o. Bó bá jẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ jọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, tí ó jí ní aago márùn-ún pẹ̀lú ẹnu wíwọ́, aago mẹ́wàá alẹ́ ni kí ẹ sọ fún dókítà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín nìyẹn, ojú sì máa ń pọ́n àwọn ará ilé nígbà tí wọn kò bá mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní aspirin nílé. Nínú ìwádìí INTERSTROKE tí wọ́n gbé jáde ní 2010, ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà níbẹ̀ ni iṣan bẹ́ sí lórí, kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ọpọlọ wọn. Ẹ wo ohun tí oògùn tó ń dènà dídì máa ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn, èmi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́ kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n.

Àdùnní Wandó · ọ̀sán Ọjọ́rú

Ìyá nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka apá tí ẹ kọ nípa wákàtí tí a rí èèyàn kẹ́yìn yẹn sétí gbogbo àwọn tó wà ní ìsọ̀ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp. Wọ́n ní bí èèyàn bá jí, kó dùbúlẹ̀ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kó jókòó fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, pé kò ní ní àrùn rọpárọsẹ̀ láé. Wọ́n tún ní ife omi kan kí a tó sùn ń lé e lọ. Ṣé òótọ́ ni? Màmá mi ń lo oògùn tánsíọ̀n láràárọ̀, ṣé kí a gbé e sí alẹ́ kó lè bá ìdájí?

Labo Àjàṣẹ́ · ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú

Dídìde díẹ̀díẹ̀ dára, pàápàá fún àgbàlagbà àti ẹni tó ń lo oògùn ìfúnpá, torí kì í jẹ́ kí òòyì kọ́ wọn kí wọ́n sì ṣubú. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kò lè sọ PAI-1 kalẹ̀, aago ara ti gbé e gòkè láti òru. Ẹni tó bá ṣèlérí "láé" fún yín nípa àrùn yìí, ẹ má gbà á gbọ́. Omi, ẹ mu ún bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín. Omi kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ dídì.

Ti oògùn màmá, ọ̀pọ̀ dókítà ló ti rò bí ẹ ṣe ń rò yẹn, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi dán an wò. Ìwádìí TIME ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2022, ní èèyàn 21,104 nínú. Àwọn kan ń lo oògùn wọn láàárọ̀, àwọn kan lálẹ́, fún ọdún tó lé ní márùn-ún. Ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú kò yàtọ̀ láàárín wọn. Kí màmá máa lò ó ní wákàtí tí wọn kò ní gbàgbé. Gbígbàgbé ló ń pa èèyàn.

Aspirin yàtọ̀ díẹ̀, mo sì ń sọ ti ẹni tí dókítà ti kọ ọ́ fún nìkan. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà, èyí tí Ridker gbé jáde ní 1990, aspirin dín ìkọlù ọkàn tó ń ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ kù ní ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì dín ti àwọn wákàtí yòókù kù ní ìdá 34. Ní 2015, àwọn ará Netherlands tún fi hàn lára èèyàn 290 pé bí wọ́n bá lò ó nígbà tí wọ́n fẹ́ sùn, àwọn platelet wọn máa ń rọlẹ̀ ní òwúrọ̀ ju ìgbà tí wọ́n lò ó láàárọ̀ lọ. Ẹni tó ń lo aspirin lè gbé ìyẹn lọ bá dókítà rẹ̀. Kó má ṣe dá a yí padà.

Ọlọ́dẹ Tokpota · Àjàṣẹ́ · òru Ọjọ́rú

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọlọ́dẹ ni mí, òru ni mo ń ṣiṣẹ́, mo sì ń sùn lọ́sàn-án. Ṣé ìdájí tèmi ti di ìrọ̀lẹ́ ni? Bí mo bá sì kúrò níbí láàárọ̀, mo máa ń gun zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, títí di ọ̀sán kí n tó sùn.

Labo Àjàṣẹ́ · òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ òru, ẹ̀gbọ́n. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ló ń tún aago ara ṣe. Bí ẹ ṣe ń jáde sínú oòrùn ní gbogbo òwúrọ̀, aago yín kò lè yí padà tán, nítorí náà ìdájí yín ṣì jẹ́ ìdájí. Nínú iṣẹ́ Scheer yẹn, wíwà lójúfò kò ní kí PAI-1 má gòkè. Ní 2012, wọ́n kó ìwádìí 34 jọ lórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àkókò tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn, ìkọlù ọkàn láàárín wọn fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Èmi kò ní kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo mọ̀ pé ọmọ ń jẹun nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gígun zẹ́mìjàn láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán láìsùn, ìyẹn ni mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ dín kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín. Bí ẹ bá ń mu sìgá láti fi lé oorun, òun náà máa ń gbé PAI-1 ga.

Ọmọ Alfa · Àjàṣẹ́ · òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Bàbá mi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń bẹ̀rù àtijáde lọ kírun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí. Àbúrò mi náà máa ń sáré kiri àdúgbò láago mẹ́fà. Ṣé kí wọ́n dáwọ́ dúró?

Nọ́ọ̀sì Òkè Ṣábẹ́ · ọ̀sán Ọjọ́bọ̀

Rárá o. Kí bàbá dìde pẹ̀lẹ́, kí wọ́n jókòó díẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n bu omi gbígbóná sínú omi àlùwàlá bí ọyẹ́ bá mú, kí wọ́n sì máa lọ. Ìrìn àtilọ àtibọ̀ yẹn ń ṣe wọ́n lóore. Àwọn olùwádìí ti fi àwọn alárùn ọkàn tó ń ṣe eré ìdárayá láàárọ̀ wé àwọn tó ń ṣe é lọ́sàn-án, wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi nínú jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ti àbúrò yín, kó máa rìn fún ìgbà díẹ̀ kó tó sáré.

Akẹ́kọ̀ọ́ Calavi · alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ẹ̀gbọ́n Labo, ó ku ìbéèrè kan. Gbogbo ìwádìí tí ẹ kà sílẹ̀, òkè òkun ni. Ṣé ara tiwa náà rí bẹ́ẹ̀? Ṣé oògùn alteplase náà ní wákàtí tó dára jù?

Labo Àjàṣẹ́ · òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì

Aago ara kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kan náà la jọ ń gbà. PAI-1 àti tPA ti jẹ́ ohun tí wọ́n wọ̀n ní ìtòsí wa níbí, lára àwọn àgbàlagbà ní Sunyani ní ilẹ̀ Gánà. Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ṣe ni ká wọn ti àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí o bá ṣe é lọ́jọ́ kan, kọ wákàtí tí o gba ẹ̀jẹ̀ sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ aago mẹ́jọ àárọ̀ àti ti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ṣeé fi wé ara wọn, àwọn kan sì ń dà wọ́n pọ̀.

Ti oògùn, Kurnik kọ ọ́ ní 1995 pé tPA tí wọ́n fún àwọn tó ní ìkọlù ọkàn láàárín ọ̀sán sí ọ̀gànjọ́ òru ń ṣí iṣan ju èyí tí wọ́n fún wọn láàárín ọ̀gànjọ́ sí ọ̀sán lọ. Ó bá ohun tí a ti ń sọ mu: láàárọ̀, PAI-1 pọ̀ tó ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n kò sí dókítà tó máa torí ìyẹn dúró de ìrọ̀lẹ́, ọpọlọ tó ń kú kì í dúró.

Ìyá Alákàsà · Kétu · ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Kí la lè ṣe tí PAI-1 yìí fi máa kéré? Ṣé agbo kan wà?

Nọ́ọ̀sì Òkè Ṣábẹ́ · alẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Èmi kò mọ agbo tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín, ìyá. Ọ̀rá inú ikùn wà lára ibi tí PAI-1 ti ń jáde, nítorí náà ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, tí ìtọ̀ ṣúgà tún wà lára rẹ̀, tirẹ̀ máa ń ga tọ̀sán tòru, ti òwúrọ̀ á wá gùn ún lórí. Bí ara bá fúyẹ́, PAI-1 á wálẹ̀. Ìrìn kíkankíkan lójoojúmọ́ náà máa ń jẹ́ kí ògiri iṣan tu tPA jáde dáadáa. Ẹ ní ẹ̀ ń ṣe àkàsà: ẹ̀yin fúnra yín ń dìde nídàájí láti gbé ìkòkò ńlá kaná, àbí? Ẹ wá ẹni tó máa bá yín gbé e. Bí ẹ bá sì ti pé ogójì ọdún, tí wọn kò tíì wọn ìfúnpá àti ṣúgà yín rí, ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ lọ.